Pípín háàdì kọ̀ǹpútà alágbèéká

Pípín háàdì ni fífi ààlà sáàárín ibi ìpamọ́ kan ṣoṣo tó wà nínú kọ̀ǹpútà, tí ẹ̀rọ yóò fi máa kà á sí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí Windows, lẹ́tà la fi ń dá wọn mọ̀: C, D, E. (Díìsìkì pẹlẹbẹ ayé ìgbà kan ló gba A àti B, ó ti kógbá sílé, àyè rẹ̀ ṣì ṣófo síbẹ̀.) Ògiri la mọ sínú ilé, a ò kọ́ ilé kejì.

Ìgbà kan wà tí pípín jẹ́ ọ̀ranyàn. Lọ́dún 1983 tí IBM gbé PC XT jáde pẹ̀lú háàdì mẹ́gábáìtì 10, DOS 2.0 tó bá a dé ló gbé tábìlì ìpín wá, àyè mẹ́rin ló sì wà lórí rẹ̀. Lábẹ́ DOS 3.3 lọ́dún 1987, ìpín kan kò gbọdọ̀ ju mẹ́gábáìtì 32 lọ. Ẹni tó ra háàdì mẹ́gábáìtì 80 kò lè ṣe kó má là á sí mẹ́ta. Nígbà tí FAT32, ọ̀nà tuntun tí Windows ń gbà to fáìlì, dé lọ́dún 1996, okùn náà dẹ̀ gan-an. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣì ń pín háàdì lónìí, àṣà tí wọ́n bá nílẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Láptọ́ọ̀pù tí a kò pín rárá kò tilẹ̀ wọ́pọ̀ mọ́. Ẹni tó bá ṣí Disk Management lórí Windows 11 yóò bá ìpín kékeré kan tí kò ní lẹ́tà, níbi tí ẹ̀rọ ti ń rí ohun tí yóò fi jí, àti òmíràn fún àtúnṣe bí Windows bá dákú. Kí ẹnikẹ́ni má pa wọ́n rẹ́ nítorí àyè. Ìbéèrè tó kù ni bóyá kí a tún la C sí méjì.

Ìdí méjì ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Èkíní ni ti ẹni tó fẹ́ kí Windows àti Linux jọ máa gbé inú ẹ̀rọ kan: kálukú ló fẹ́ yàrá tirẹ̀. Èkejì ni ti ìgbà tí Windows bá bàjẹ́. Bí a bá gbé ẹ̀rọ lọ Computer Village n'Íkẹjà pé kí wọ́n fi Windows tuntun sí i, C ni ẹ̀ńjíníà yóò nù mọ́; fọ́tò ìgbéyàwó tó wà lórí D kò ní fara gbá, bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá ṣì í.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ ni lórí ẹ̀rọ tí àyè rẹ̀ kò pọ̀. Háàdì SSD tí wọ́n kọ gígábáìtì 256 sí lára, nǹkan bí 238 ni Windows yóò pè é, nítorí 1,000 ni ilé iṣẹ́ fi ń kà á, 1,024 ni Windows ń lò. Ká ní a fún C ní 100, D gba ìyókù. Windows fúnra rẹ̀ ti jókòó sórí C. Ohun tí a wà sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí a kó sójú Desktop, C ni gbogbo wọn ń forí lé bí a kò bá darí wọn. Kò ní pẹ́ tí ìlà abẹ́ C yóò fi pupa fòò, tí D yóò sì la ẹnu sílẹ̀ lófìfo. A ò sì lè bu díẹ̀ lára D fún C bí ẹni bu gàrí: Disk Management kì í fẹ C àfi bí àyè tí ẹnikẹ́ni kò ni bá wà lápá ọ̀tún rẹ̀ gan-an. Ká kó ẹrù D jáde, ká pa á rẹ́, ká tó fẹ C. Fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, fódà tí orúkọ rẹ̀ yé ènìyàn sàn ju ògiri lọ. Ti tẹ́rábáìtì 1 kò le tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan gbà pé àpótí ìṣúra ni D. Bí háàdì bá kú, tàbí tí olè gbé láptọ́ọ̀pù, C àti D jọ lọ ni. Ransomware, ètò burúkú tó ń ti fáìlì ẹni pa láti gba owó, pàápàá kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọ D. Ẹ̀dà tó wà lórí háàdì mìíràn níta, tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni ẹ̀dà.

Ẹni tó bá pinnu láti pín in, kó kọ́kọ́ kó fáìlì rẹ̀ síta, kó kọ kọ́kọ́rọ́ BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti háàdì pa, síbi tó lè rí, kó sì so ẹ̀rọ mọ́ iná pẹ̀lú bátìrì tó kún. Shrink Volume, ohun tí a fi ń gé ìpín nínú Disk Management, lè sọ pé gígábáìtì 20 péré lòun lè gé nígbà tí 90 ṣófo: fáìlì kan tí kò ṣeé ṣí nípò ló jókòó sọ́nà.

Lórí Mac, ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ láti ìgbà tí APFS, ọ̀nà tí Apple ń gbà to fáìlì, dé lọ́dún 2017. Àwọn ìpín tó wà lábẹ́ rẹ̀ jọ ń bu àyè nínú abọ́ kan náà ni, èyí tó bá nílò ló ń bù. Kò dìgbà tí a bá ṣírò iye tí kálukú máa gbà.