Lẹ́yìn ìtọ́jú oògùn olóró: bí èèyàn ṣe ń padà sí ìgbé ayé ojoojúmọ́ ní Alímọ̀ṣọ́

Ọjọ́ tí dókítà bá ní kí èèyàn máa lọ sílé lẹ́yìn ìtọ́jú oògùn olóró, ọjọ́ ayọ̀ ni fún ẹbí. Wọ́n á se ìrẹsì, wọ́n á pe pásítọ̀ tàbí ààfáà wá ṣàdúrà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú náà mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Nínú wọ́ọ̀dù, oúnjẹ ní àkókò tiẹ̀, oorun ní àkókò tiẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń ta igbó lẹ́nu ọ̀nà. Ní Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgándò, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ àtijọ́ ṣì wà ládùúgbò, nọ́ńbà ẹni tó ń tajà ṣì wà nínú fóònù.

Báwo ni ìṣòro náà ṣe tó?

Ní 2019, àjọ UNODC ti Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè Àgbáyé àti iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, NBS, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí oògùn lílò ní Nàìjíríà. Wọ́n ní èèyàn mílíọ̀nù 14.3, láti ọmọ ọdún 15 sí 64, ló lo oògùn olóró tàbí tó ṣi oògùn lò láàárín ọdún kan. Ẹnì kan nínú èèyàn méje nìyẹn. Ìpínlẹ̀ Èkó ló ga jù lọ, níbi tí iye náà ti tó 33 nínú 100. Igbó ló ṣáájú, lẹ́yìn ẹ̀ ni àwọn oògùn ìrora bíi trámádọ́lù àti kodíìnì, àti oògùn ikọ́ olómi. Nínú ẹni márùn-ún tó ń lo oògùn, ẹnì kan ló ti di bárakú tàbí àìsàn fún.

Lóṣù karùn-ún ọdún 2018, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ tó ní kodíìnì nínú àti kíkó o wọlé. Ṣùgbọ́n òfin ò lè wo ẹni tí ara ẹ̀ ti mọ́ ọn lára sàn. Alímọ̀ṣọ́ sì kì í ṣe ìjọba ìbílẹ̀ kékeré: nínú ètò ìkànìyàn 2006, iye èèyàn tí wọ́n kà níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ mẹ́wàá, òun ló sì pọ̀ jù ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọ̀pọ̀ ilé lọ̀rọ̀ yìí kàn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ara

Oògùn olóró máa ń yí bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ padà. Tí èèyàn bá dá a dúró, ọpọlọ kì í padà bọ̀ sípò lọ́jọ́ kan. Fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan, oorun lè má dùn, inú lè máa bí èèyàn láìnídìí, oúnjẹ àti eré lè má fa ọkàn mọ́ra. Ó lè jókòó síbi kan kó má sọ̀rọ̀.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń ṣàṣìṣe. Wọ́n á ní, "Ó ti padà sídìí ẹ̀ nìyẹn." Ẹni tó sì ń gbìyànjú á rò pé, tí wọ́n bá ti fẹ̀sùn kan òun tán, kí lòun ń jìyà fún? Ohun tó dáa ni kí wọ́n bi í bó ṣe sùn, bó ṣe jẹun, kí wọ́n sì rán an létí ọjọ́ tí dókítà ní kó padà wá.

Ewu tó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀

Lẹ́yìn ìtọ́jú, ara kì í lè gbé iye oògùn tó ń gbé tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń lo trámádọ́lù púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan kó tó lọ, tó bá ti ṣíwọ́ fún oṣù kan, tó wá padà lo iye kan náà, èémí ẹ̀ lè dúró. Ìdí nìyí tí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí èèyàn jáde fi léwu jùlọ. Tí ọtí bá tún wọ̀ ọ́, ewu náà á pọ̀ sí i.

Àmì ẹ̀ ni pé èèyàn á sùn, wọ́n á jí i, kò ní jí. Èémí ẹ̀ á máa lọ díẹ̀díẹ̀, á máa hanrun lọ́nà tó ṣàjèjì. Ètè tàbí èékánná ẹ̀ á ṣú. Tí wọ́n bá rí èyí, kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀ kí èébì má baà há a lọ́nà ọ̀fun, kí wọ́n sì gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá. Alimosho General Hospital wà ní Ìgándò fún àwọn tó wà lágbègbè náà. Kí wọ́n má da epo pupa, mílíìkì tàbí omi sí i lẹ́nu. Kí wọ́n sọ òótọ́ fún dókítà nípa ohun tó lò, torí oògùn kan wà, naloxone, tó lè dá èémí padà tí irú oògùn yẹn bá jẹ́ ohun tó ṣe é. Ẹbí tó ń tìjú sọ̀rọ̀ lè pàdánù ọmọ.

Ọ̀nà, ọ̀rẹ́ àti fóònù

Ọpọlọ máa ń so oògùn mọ́ ibi, òórùn àti ojú èèyàn. Ẹni tó bá kọjá níbi tó ti máa ń fa igbó, ọkàn ẹ̀ lè fà sí i kó tó mọ̀. Kì í ṣe àìní ìgboyà. Tó bá ṣeé ṣe, kó gba ọ̀nà míì lọ síbi iṣẹ́, ì báà jẹ́ pé kòròpe méjì ló máa wọ̀. Kó yí nọ́ńbà fóònù ẹ̀ padà, kó sì jáde nínú gbogbo gúrúùpù WhatsApp tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ọjà náà.

Ọtí náà ńkọ́? Ẹni tí kodíìnì di bárakú fún lè rò pé ọtí inú ọ̀rá tàbí páragá kò kan òun. Ó kàn án. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ohun mẹ́rin ni àwọn olùtọ́jú ní kí èèyàn máa yẹ̀ wò tí ọkàn bá ń fà á: ebi, ìbínú, ìdáwà àti àárẹ̀. Kó kọ́kọ́ jẹun, kó pe ẹnì kan, tàbí kó lọ sùn. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìfà náà á rọlẹ̀ láàárín wákàtí kan.

Iṣẹ́ àti owó

Ọwọ́ tó bá dilẹ̀ ni èṣù ń bẹ̀ níṣẹ́. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló yẹ kí èèyàn sáré padà sí. Awakọ̀ tó ń lo trámádọ́lù kó lè wakọ̀ láti ìdájí di òru yóò bá ìṣòro yẹn pàdé lọ́jọ́ kìíní tó bá padà sí gáráàjì. Kó fi iṣẹ́ díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kó sì sinmi. Owó púpọ̀ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà léwu. Àwọn míì máa ń bá ìyàwó tàbí ẹ̀gbọ́n wọn ṣàdéhùn pé kó bá àwọn tọ́jú owó, tàbí kí wọ́n dá àjọ.

Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ààrẹ buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tó rọ́pò òfin àtijọ́ tó ti wà láti 1958. Òfin náà kò fẹ́ kí wọ́n torí ìtọ́jú ọpọlọ fi iṣẹ́ tàbí ilé du ẹnikẹ́ni.

Ojúṣe ẹbí

Ní 1954, ní Àrò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Abẹ́òkúta, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo dá ètò kan sílẹ̀: aláìsàn àti mọ̀lẹ́bí ẹ̀ máa ń gbé láàárín àwọn ará abúlé, wọ́n á sì máa lọ gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn. Ètò náà lókìkí káàkiri ayé. Ẹ̀kọ́ tó kọ́ni kò tíì gbó: àárín èèyàn ni ara ti ń yá dáadáa.

Nílé, kí wọ́n má pe ẹni náà ní jàǹdùkú tàbí kí wọ́n máa fi àtijọ́ gún un lára níwájú àlejò. Síbẹ̀, ìfẹ́ kì í ṣe kí ìyá máa yọ́ owó fún un. Kí gbogbo ilé jọ fẹnu kò lórí owó, àkókò ìwọlé àti ohun tí wọ́n máa ṣe tó bá ṣubú. Àdúrà dáa, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí sì ń fún èèyàn ní ẹgbẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ní kó dá oògùn ilé ìwòsàn dúró, kí wọ́n sì bi dókítà kó tó gbààwẹ̀ ọlọ́jọ́ gígùn.

Tó bá ṣubú ńkọ́?

Àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà sọ pé láàárín 40 sí 60 nínú 100 àwọn tó gba ìtọ́jú ló máa ń padà lò ó nígbà kan, bó ṣe rí fún àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ikọ́ fée tí wọn ò tẹ̀ lé ìtọ́jú. Kò túmọ̀ sí pé owó ti ṣòfò. Bí ẹṣin bá dáni, a tún un gùn ni. Kó sọ ọ́ fún ẹnì kan lọ́jọ́ náà gan-an, kó sì padà sọ́dọ̀ olùtọ́jú kí ẹ̀ẹ̀kan tó di ọ̀sẹ̀ kan.

Ibi tí ìrànlọ́wọ́ wà

Ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá, tó ti wà láti 1907, ń tọ́jú bárakú oògùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Àrò. LASUTH ní Ìkẹjà ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ. Àjọ NDLEA ní olùdámọ̀ràn lórí fóònù tọ̀sán tòru, ọ̀fẹ́ ni: 0800 1020 3040. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ náà wà: Alcoholics Anonymous bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1935, Narcotics Anonymous ní 1953.

Láti Ìkọ̀tún dé Yábàá, ọ̀nà jìn, gosílóò sì wà. Torí náà, kí ẹbí ya owó ọkọ̀ ọjọ́ ìpàdé dókítà sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, kí ẹnì kan sì máa bá a lọ fún ìgbà díẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìpàdé tí èèyàn pa jẹ nítorí owó ọkọ̀ ni ìṣubú máa ń tẹ̀ lé.