Ọlọ́dẹ Inú Ara Wa

Ní London, lọ́dún 1957, Alick Isaacs àti Jean Lindenmann fi kòkòrò flu tí ooru ti pa sára awọ inú ẹyin adìẹ. Awọ náà tú nǹkan jáde tó ń dáàbò bo awọ mìíràn. Wọ́n pè é ní interferon. Bí ọlọ́dẹ ló rí: sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò bá wọ̀ á fọn fèrè, àwọn aládùúgbò rẹ̀ á ti ilẹ̀kùn. Kòkòrò èéyi máa ń dí fèrè yìí, á tún pa púpọ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń rántí àrùn àtijọ́. Ìdí nìyí tí àìsàn mìíràn fi ń tètè mú ọmọ tí èéyi ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi: oṣù 9 àti oṣù 15.