Láti Ìdí Ìlù Dé Ìdí Ẹ̀rọ Ìgbohùnsílẹ̀: Laolu Akins àti Orin Rọ́ọ̀kì ní Ìlú Èkó, 1972–1989

Bí àwọn onímọ̀ bá ń kọ ìtàn orin òde òní ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà máa ń tọ̀: jùjú pẹ̀lú fújì ní apá kan, Afrobeat ti Fẹlá ní apá kejì. Orin rọ́ọ̀kì tí àwọn ọ̀dọ́ Èkó ń kọ lẹ́yìn ogun abẹ́lé (1967–1970) kì í rí ààyè níbẹ̀. Àfarawé òyìnbó ni wọ́n kà á sí, èyí tí ó dé, tí ó sì tún lọ láìfi ohunkóhun sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ Laolu Akins, onílù tí ó di alábòójútó ìgbohùnsílẹ̀ (ẹni tí àwọn eléré ń pè ní pùródúsà), yóò rí i pé èrò náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Inú ẹgbẹ́ Clusters ni Laolu ti kọ́kọ́ di mímọ̀, ní àkókò tí orin sóòlù àti orin àwọn Beatles gbòde láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn náà ni òun, Berkley Jones tí ń ta jìtá, àti Mike Odumosu tí ń ta jìtá olóhùn ìsàlẹ̀, jọ wà nínú ẹgbẹ́ Afrocollection. Ní 1971, Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ọkọ̀ la aṣálẹ̀ Sahara kọjá wá sí Èkó. Òun ni ó kó wọn jọ pẹ̀lú àwọn ìbejì Lijadu sínú ẹgbẹ́ Salt, tí wọ́n fi lọ ṣeré ní Jámánì ní 1972, ọdún Ìdíje Òlíńpíìkì ti Munich. Salt kò pẹ́ tú ká. Àwọn mẹ́ta náà sì dá BLO sílẹ̀: B fún Berkley, L fún Laolu, O fún Odumosu.

Àwo wọn àkọ́kọ́, Chapter One, jáde lábẹ́ EMI ní 1973. Ọdún yẹn gan-an ni Paul McCartney wá sí ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI ní Àpápá láti ṣe Band on the Run, tí Fẹlá sì fẹ̀sùn kàn án pé ó fẹ́ wá jí orin adúláwọ̀ gbé. Ohun tí ó yẹ kí a fiyè sí nínú iṣẹ́ BLO ni pé ènìyàn mẹ́ta péré ni wọ́n. Nínú ẹgbẹ́ jùjú, èrò pọ̀ lórí ìtàgé. Bí ọwọ́ ẹnì kan bá rọ̀, ti ẹlòmíràn yóò bò ó mọ́lẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta, kò sí ibi ìfarapamọ́. Onílù gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò ti kún àlàfo àti ibi tí yóò ti fi í sílẹ̀. Irú etí bẹ́ẹ̀ ni alábòójútó ìgbohùnsílẹ̀ ń lò.

Phase II (1975) jáde lábẹ́ Afrodisia. Odumosu lọ darapọ̀ mọ́ Osibisa ní Lọ́ńdọ̀nù, Biddy Wright sì bọ́ sí ipò rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di Bulky Backside ní 1980, orin dísíkò ti gba iwájú.

Láti 1986 ni ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti sọ owó náírà di yẹpẹrẹ. Jìtá, ẹ̀rọ amóhùndún-gbẹ̀mù àti téèpù ìgbohùnsílẹ̀, òkè òkun ni gbogbo wọn ti ń wá. Ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì tí kò ní olówó tí yóò náwó fún un lóde ìnáwó kò lè dúró. Jùjú ní olówó. Ní 1989, Shina Peters, ọmọ ẹgbẹ́ Prince Adekunle nígbà kan rí, gbé àwo Ace jáde fún ilé iṣẹ́ CBS. Laolu Akins ni ó bójú tó o. Eré náà yára ju ti Ọbẹ́ àti Sunny Adé lọ, ìlù òyìnbó wà níwájú, ohùn ohun èlò kọ̀ọ̀kan sì dá yàtọ̀ gedegbe. Afro-Juju ni wọ́n pè é. Kò tọ́ kí a gba iyì náà lọ́wọ́ Shina, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti yá lórí jìtá tipẹ́tipẹ́. Ṣùgbọ́n ìtò ohùn inú àwo náà, iṣẹ́ ẹni tí ó ti gbé inú rọ́ọ̀kì ni.

Ẹ̀yìn páálí àwo ni orúkọ pùródúsà máa ń wà, lẹ́tà wínníwínní. Kásẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ọjà Mile 12 àti awakọ̀ ojú ọ̀nà Ìkòròdú fi ń gbọ́ orin nígbà náà, ayédèrú sì pọ̀ nínú wọn láìka Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́-Ọnà ti 1988 sí. Àwòrán olórin nìkan ni ayédèrú ń gbé. Nípa bẹ́ẹ̀, àìmọye ènìyàn jó sí iṣẹ́ Laolu láìgbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Strut ní Lọ́ńdọ̀nù wá kó orin BLO jọ fún títà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Phases 1972–1982 ni wọ́n pe àkójọ náà. Ó parí ní ọdún méje ṣáájú Ace.