Ọjọ́ Tí Ibà Wọ Ilé Ẹlẹ́dẹ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni, nínú oṣù Kẹfà ọdún 2020, ní abúlé kan lẹ́bàá Àgbárá, ìpínlẹ̀ Ògùn. Àwọn aago tí mo kọ síbí, orí fóònù mi ni mo ti wò wọ́n: ìpè tí a pè, fọ́tò tí mo yà, àtẹ̀jíṣẹ́ tí mo fi ránṣẹ́. Lásìkò yẹn, ọ̀rọ̀ Òkè-Aró ló wà lẹ́nu gbogbo ẹlẹ́ran, torí ibà ẹlẹ́dẹ̀ ti wọ ọgbà ńlá tó wà níbẹ̀. Àwa rò pé ọ̀nà jìn.

5:40 àárọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin da oúnjẹ sínú ọpọ́n. Ẹni tó bá ti sin ẹlẹ́dẹ̀ rí mọ ariwo tó máa ń tẹ̀lé e. Lọ́jọ́ yẹn, yàrá kẹta dákẹ́. Mo tan iná fóònù sí wọn. Ọ̀kan ti kú. Mẹ́ta kóra jọ sí igun ògiri, wọ́n ń gbọ̀n bíi pé ọyẹ́ ń mú wọn. Abo ńlá, ìyá gbogbo wọn, nà gbalaja sílẹ̀. Etí rẹ̀ pọ́n bí ẹni fi osùn pa á, bèbè etí náà sì ti ń dúdú bọ̀ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú aró. Mo fọwọ́ kàn án. Ó gbóná janjan.

Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn rọra gbé garawa sílẹ̀.

6:55. A pe dókítà ẹran. Kò jẹ́ kí n ṣàlàyé tán. “Ẹ má gbé òkú yẹn kúrò níbẹ̀ o. Kí ẹnikẹ́ni má wọlé. Bàtà tí ẹ wọ̀ sínú ilé ẹlẹ́dẹ̀, ẹ má wọ̀ ọ́ jáde.” Kò sí oògùn ibà yìí. Lọ́dún náà, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ tí àgbẹ̀ lè rà níbikíbi. Kì í ran ènìyàn, ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé kì í ṣẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ kan kù nínú ọgbà tó bá wọ̀.

10:10. Ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún un, àmọ́ oníṣòwò náà ti gbọ́. Ìdá kan nínú mẹ́ta iye ọjà ló fẹ́ san lórí àwọn méjìdínlógún tó ṣì ń jẹun.

“Màmá, ẹ má jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ ṣòfò. Tí wọ́n bá kú tán, ta ló máa ra òkú lọ́wọ́ yín?”

Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi. Owó ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù ni wọ́n fi ra oúnjẹ ẹran, oṣù méjì ló kù kí wọ́n san án. Mi ò lè bú ẹni tó bá tà nírú wákàtí yẹn. Kò sẹ́ni tó ṣèlérí pé òun máa san owó ẹran tí àgbẹ̀ bá sin. Ìjọba tó bá fẹ́ kí àrùn dúró lójú kan gbọ́dọ̀ san nǹkan fún ẹni tó bá dá a dúró. Bí kò bá san án, ọkọ̀ akẹ́rù ni yóò máa bá wa pín àrùn káàkiri.

Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé: “Tó o bá kó wọn, ibo lò ń kó wọn lọ?”

“Èyí tó bá rẹ̀, a ó pa á. Èyí tó bá lágbára, màá tà á fún ẹni tó fẹ́ sìn.”

Ọ̀rọ̀ náà ló bà á jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Láti ọjọ́ mẹ́rin títí dé bí ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni àrùn yìí lè fi sá pamọ́ sínú ẹran kí ó tó yọjú. Èyí tó ń jẹun lónìí lè jẹ́ èyí tí yóò pa ọgbà ẹlòmíràn run lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. “Máa lọ, ọmọ mi,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí, wọ́n sì ti géètì. A bu omi bílíìṣì sí ibi tí táyà rẹ̀ tẹ̀.

12:30 ọ̀sán. Dókítà dé. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sójú títì, ó fi ọ̀rá di bàtà rẹ̀. Ó gba ẹ̀jẹ̀ lára mẹ́ta, ó tò ó sínú kúlà oníyìnyín tí yóò lọ sí Vom lẹ́bàá Jos, níbi tí iléeṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ti orílẹ̀-èdè wa wà láti ọdún 1924. Aládùúgbò kan ti gbé ọ̀bẹ àti abọ́ dé, ó ní kí a jẹ́ kí òun kun òkú náà. Dókítà kọ̀: “Bàbá, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ gan-an ni àrùn náà.”

2:15. Èrò mi ni pé iṣẹ́ ti parí. Àṣé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Dókítà jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó ya àpò oúnjẹ ẹran, ó yí i padà, ó sì mú bírò. “Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ta ló wọlé síbí? Kí ló jáde?”

Bí a ṣe ń ronú, ó ń sọ̀rọ̀. Ó ní ìmàdò inú igbó ilẹ̀ Áfíríkà ló ni àrùn yìí láti ilẹ̀. Eégbọn inú ihò tó ń gbé ló ń kó o ràn án, kì í sì í ṣe é ní nǹkan kan. Ìgbà tó kan ẹlẹ́dẹ̀ ilé làwọn oníṣègùn tó mọ̀ ọ́n: ní Kẹ́ńyà ni dókítà ẹran kan tó ń jẹ́ Montgomery ti kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1921. Ó wọ Lisbon ní 1957. Ó dé Côte d’Ivoire ní 1996, ó dé orílẹ̀-èdè Benin ní 1997, ó sì kọjá sọ́dọ̀ wa lọ́dún kan náà.

Ẹ̀gbọ́n mi mirí. “Àwọn àgbà ní ìmàdò ì bá ṣe bí ẹlẹ́dẹ̀, a bàlú jẹ́.”

“Ẹ ṣeun, mà. Ìmàdò ò tiẹ̀ wọ̀lú. Ohun tó gbé sára ló wọ̀lú, àwa la sì ń gbé e kiri.”

Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi rántí akọ. Ọjọ́ kọkànlá rèé tí wọ́n yá akọ ẹlẹ́dẹ̀ kan wá gun abo ńlá yẹn. Wọ́n pe ẹni tó ni ín, wọ́n sì jẹ́ kí gbogbo wa máa gbọ́. Ó dákẹ́ títí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Méjì kú lọ́dọ̀ mi. Mo rò pé ooru ni.”

Dókítà kò bá a jà. Ó béèrè ibi mìíràn tí akọ náà ti dé láti ìgbà yẹn, àti ibi tí wọ́n ti ń retí rẹ̀. Ọgbà mẹ́rin. Ó kọ wọ́n sí ẹ̀yìn àpò náà, a sì pe wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

3:40. Abo ńlá kú.

5:30 ìrọ̀lẹ́. A gbẹ́ kòtò tó jìn ju ènìyàn lọ, a sin àwọn méjèèjì. A sun aṣọ tí a wọ̀.

9:00 alẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn láìjẹun. Wọ́n ń tẹ́tí sí àwọn méjìdínlógún yẹn.

Èsì Vom ní ibà ẹlẹ́dẹ̀ ni. Mẹ́tàlélógún ló wà nínú ọgbà náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo wọn ti kú. Nínú ọgbà mẹ́rin tí a pè, àrùn ti wọ méjì kí a tó pè. Àwọn méjì yòókù kò tíì gba akọ náà sínú yàrá ẹran wọn. Wọ́n ní kí wọ́n má gbé e wá mọ́, wọ́n ti géètì, ẹran wọn ò sì kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ẹlẹ́dẹ̀, bí ọ̀kan bá kú lọ́dọ̀ yín, ẹ má pe oníṣòwò. Ẹ pe dókítà ẹran, kí ẹ sì pe gbogbo ẹni tí ẹran yín ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.