Iṣu, Họ́mọ̀nù àti Ìyá tí Nǹkan Oṣù Rẹ̀ Ti Dáwọ́ Dúró

Lónìí, mo fẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ kan wò tí àwọn ìyá wa máa ń sọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin kì í sì í fẹ́ gbọ́ rárá: àkókò tí nǹkan oṣù obìnrin máa ń dáwọ́ dúró. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló kan onímọ̀ ẹ̀dá-èdè nínú ọ̀rọ̀ àwọn oníṣègùn, èsì mi ni pé inú ìtàn ọ̀rọ̀ la ó ti rí ìtàn oúnjẹ àti oògùn.

Ẹ gbọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọ́: "Kò rí nǹkan oṣù mọ́." "Ó ti kọjá ọmọ bíbí." Gbólóhùn ni wọ́n, wọn kì í ṣe orúkọ. Wọ́n ń sọ ibi tí ènìyàn dé nínú ìrìn àjò ayé rẹ̀, wọn kò sọ pé àìsàn kan mú un. Dókítà ará Faransé kan, Charles de Gardanne, ló sọ ọ́ di orúkọ. Ní 1816 ó pè é ní "ménespausie". Nígbà tí ó di 1821, ó gé e kúrú sí "ménopause". Ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ló so pọ̀: èkíní túmọ̀ sí oṣù, èkejì túmọ̀ sí ìdáwọ́dúró. Ẹ ò rí i pé ojú oṣù kan náà ni àwọn Gíríìkì àti àwọn baba ńlá wa ń wò.

"Họ́mọ̀nù" tí gbogbo ayé ń pè báyìí kò tíì pẹ́ púpọ̀. Ọdún 1905 ni Ernest Starling kọ́kọ́ lò ó ní Lọ́ńdọ́nù, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí "ru sókè". Ní 1929, Edward Doisy ní Amẹ́ríkà àti Adolf Butenandt ní Jámánì, olúkúlùkù lọ́tọ̀, yọ ọ̀kan nínú àwọn họ́mọ̀nù obìnrin tí a ń pè ní ẹ́sítírójìn jáde. Ní 1942, oògùn Premarin dé ọjà Amẹ́ríkà. Inú ìtọ̀ abo ẹṣin tí ó lóyún ni wọ́n ti ń rí i, ibẹ̀ gan-an ni orúkọ rẹ̀ sì ti wá.

Ní 1966, dókítà Robert Wilson kọ ìwé Feminine Forever, ó sì sọ ìpele ayé yìí di àrùn tí a gbọ́dọ̀ fi oògùn wò. Ní 1975, ìwádìí fi hàn pé lílo ẹ́sítírójìn nìkan ń mú kí jẹjẹrẹ ilé-ọmọ pọ̀ sí i. Ní 2002, wọ́n dá ìwádìí ńlá kan dúró ní Amẹ́ríkà, èyí tí obìnrin 16,608 kópa nínú rẹ̀, nítorí pé jẹjẹrẹ ọyàn, àrùn rọpárọsẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ dídì pọ̀ sí i láàárín àwọn tí ń lo oògùn alápapọ̀ họ́mọ̀nù méjì. Ẹ̀rù ba ayé. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ rí i pé ọjọ́ orí tí obìnrin fi bẹ̀rẹ̀ oògùn náà ṣe pàtàkì. Ní oṣù kọkànlá 2025, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé àwọn yóò yọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìkìlọ̀ líle tí ó wà lára oògùn wọ̀nyí kúrò.

Níbo wá ni iṣu ti wọ ọ̀rọ̀ yìí? Ní àwọn ọdún 1940, Russell Marker, onímọ̀ kẹ́místírì ará Amẹ́ríkà, lọ sí Mẹ́síkò. Lára iṣu igbó ibẹ̀ ló ti yọ èròjà kan tí a ń pè ní diosgenin, ó sì sọ ọ́ di họ́mọ̀nù progesterone. Ní 1944, ó wà lára àwọn tí ó dá ilé-iṣẹ́ Syntex sílẹ̀. Ṣùgbọ́n inú yàrá àyẹ̀wò ni ìyípadà náà ti wáyé. Ara ènìyàn kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá jẹ odidi iṣu kan tán, ó yó ni, họ́mọ̀nù rẹ̀ kò tìtorí rẹ̀ pọ̀ sí i.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ni pé nígbà tí mo bá ń gba Marine Beach kọjá ní Àpápá, mo máa ń gbọ́ àwọn olóògùn inú ọkọ̀. Ìgò kan ṣoṣo ni wọ́n á gbé sókè, á wo jẹ̀díjẹ̀dí, á wo ibà, á sì "tún họ́mọ̀nù ìyá ṣe". Owó ọjà ni ìyá tí ooru ń mú láàárín òru, tí kò rí oorun sùn, ń yọ fún wọn.

Àpapọ̀ ọjọ́ orí àwọn obìnrin wa nígbà tí èyí ń ṣẹlẹ̀ kò ṣàjèjì sí ìmọ̀. Friday Okonofua àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde ní 1990 láti Ilé-Ifẹ̀: nǹkan bí ọdún 48 ni. Ó túmọ̀ sí pé ìyá lè lo ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún sí i lẹ́yìn rẹ̀. Oúnjẹ ni yóò gbé ọdún wọ̀nyẹn ró.

Bí ẹ́sítírójìn bá ti dínkù, eegun a máa fúyẹ́, ọ̀rá burúkú a sì máa pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Èbúté Àpápá, tí wọ́n kọ́ ibùdókọ̀ ojú omi jíjìn rẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ láàárín 1921 sí 1926, wà lára ọ̀nà tí àlìkámà àti ṣúgà gbà wọ ìlú. Láti 1960 tí wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ Flour Mills sílẹ̀, tí wọ́n sì kọ́ ọlọ rẹ̀ sí Àpápá, burẹ́dì funfun ti di oúnjẹ òòjọ́. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ burẹ́dì. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, èso, wàrà àti ẹja sáwá tí a lè jẹ teegun-teegun má ṣe kúrò nínú abọ́ ìyá. Ẹ̀wà sóyà náà ní èròjà tí ó jọ ẹ́sítírójìn díẹ̀. Ó lè dín ooru náà kù fún àwọn kan, ṣùgbọ́n kò tó oògùn. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí iyọ̀ má ju gíráàmù 5 lọ lóòjọ́. Ẹ má gbàgbé pé máàgì náà ní iyọ̀. Ìrìn ẹsẹ̀ pẹ̀lú dára fún eegun.

Ọ̀kan tí ó ṣe kókó jù lọ rèé. Bí obìnrin bá ti lo ọdún kan gbáko láìrí nǹkan oṣù, tí ẹ̀jẹ̀ wá tún yọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ìgbà èwe ló padà wá. Ó lè jẹ́ àmì jẹjẹrẹ. Ilé ìwòsàn ló yẹ kó gbà lọ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ọ̀dọ̀ onígò. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ sọ ọ́ fún ìyá yín ní èdè tí ó yé e, láìtijú. Ìlera loògùn ọrọ̀.