Àwọn Àgùdà àti Iṣẹ́ Ọwọ́ ní Èkó

Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí dì ní Bahia ní ọdún 1835, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti gba òmìnira fi ilẹ̀ Bràsíl sílẹ̀. Àwọn tí ó gúnlẹ̀ sí Èkó nínú wọn ni à ń pè ní Àgùdà. Ilé ni wọ́n rò pé àwọn ń bọ̀, àlejò ni wọ́n jẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó di èdè ọ́fíìsì. Àwọn Sàró, tí wọ́n ti kàwé ní Sierra Leone, ni iṣẹ́ akọ̀wé bọ́ sí lọ́wọ́. Potogí tí àwọn Àgùdà gbọ́ kò wúlò níbẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n kọ́ ní ìgbèkùn ni wọ́n fi jẹun: bíríkìlà, káfíńtà, télọ̀. Ta ni yóò tún béèrè ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tí pẹ́tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ dúró gbọn-in? João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá wọn, ni ó kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Sierra Leone ni wọ́n ti bí Mohammed Shitta, tí ó náwó sí i. Sàró ni ó gbéṣẹ́ fún Àgùdà.