Bí Orin Ṣe Gun Alùpùpù: Ìtàn Ẹ̀rọ Orin Lórí Alùpùpù Ìrìn Àjò Jíjìn

Alùpùpù ìrìn àjò jíjìn ni èyí tí wọ́n ṣe fún ẹni tó fẹ́ lo ọ̀pọ̀ wákàtí lórí ọ̀nà márosẹ̀. Ó tóbi, ó ní asà níwájú tó ń gba afẹ́fẹ́ dúró, ó ní àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì àti òmíràn lẹ́yìn, ìjókòó rẹ̀ sì gba ẹni méjì dáadáa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀nà ti lọ salalu láti etíkun kan dé èkejì, ni irú rẹ̀ ti gbilẹ̀ jù. Ibẹ̀ náà ni àṣà fífi ẹ̀rọ orin sí i ti gbérí, títí kan ti yíyọ èyí tó bá a wá kúrò kí wọ́n fi èyí tó lágbára sí i rọ́pò. Ohun méjì ló ń dí àṣà yìí lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: ariwo afẹ́fẹ́ àti iná mànàmáná tí kò tó.

Rédíò ti wọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tipẹ́. Ní 1930, Paul Galvin àti Joseph àbúrò rẹ̀ gbé rédíò ọkọ̀ tí wọ́n pè ní Motorola jáde ní Chicago. Ti alùpùpù kò yá bẹ́ẹ̀. Túùbù onígíláàsì ni rédíò ayé ìgbà náà ń lò. Ó ń jẹ iná púpọ̀, kòtò ojú ọ̀nà sì tètè ń bà á jẹ́, nígbà tí bátìrì ọ̀pọ̀ alùpùpù kò ju fóltì 6 lọ. Láti àwọn ọdún 1930 ni àwọn ọlọ́pàá Amẹ́ríkà ti ń gbìyànjú rẹ̀, nítorí iṣẹ́ wọn béèrè fún un, owó ìjọba ni wọ́n sì fi ń tún un ṣe. Ẹni tó ń gun alùpùpù fún fàájì kò lè ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

Tiransísítọ̀ tí wọ́n ṣe ní ilé ìwádìí Bell ní 1947 ló yí ọ̀rọ̀ padà, torí ó sọ rédíò di ohun kékeré tí kì í gbóná púpọ̀, tí kì í sì í tètè gbẹ bátìrì. Nígbà tó di 1965, Harley-Davidson gbé Electra Glide jáde. Bọ́tìnnì ni wọ́n fi ń ṣí iná ẹ́ńjìnnì rẹ̀, iná ara rẹ̀ sì kúrò ní fóltì 6 bọ́ sí 12, iye kan náà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń lò. Láti ìgbà náà, ohun yòówù tí wọ́n bá ṣe fún ọkọ̀, ẹni tó láyà lè so ó mọ́ alùpùpù. Ní 1969, ilé iṣẹ́ náà tún fi asà ńlá kan kún un, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní ìyẹ́ àdán títí dòní. Kì í ṣe torí orin ni wọ́n ṣe é, àmọ́ inú rẹ̀ ni sípíkà wá fi ṣe ilé lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn.

Honda ni ìtàn náà gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá jù lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1974, ilé iṣẹ́ náà gbé Gold Wing GL1000 wá síbi ìpàtẹ alùpùpù ní Cologne, ní Jámánì. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tí omi ń tù lára kò ju ti alùpùpù mìíràn lọ nínú ariwo; kódà ó dákẹ́ jù wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n ìhòòhò ló wá: kò ní asà, kò ní àpótí, ká má tíì sọ ti rédíò. Àwọn oníbàárà ló parí iṣẹ́ tí Honda bẹ̀rẹ̀. Craig Vetter, ní ìlú Rantoul ní ìpínlẹ̀ Illinois, ti ń ta asà tó pè ní Windjammer láti 1971. Ara férémù ni wọ́n ń dè é mọ́, kì í bá ọwọ́ ìdarí yí, ó sì ní àpò oníderí ní ọ̀tún àti ní òsì. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi rí i pé àpò wọ̀nyí gba sípíkà ọkọ̀. Wọ́n gé ihò sí wọn, wọ́n ti rédíò àti kásẹ́ẹ̀tì mọ́ àárín, wọ́n fa wáyà láti ìdí bátìrì wá.

Orin nìkan kọ́ ni wọ́n ń wá. Lẹ́yìn tí epo rọ̀bì wọ́n gógó ní 1973, ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin ní 1974 pé ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ sáré ju máìlì 55, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 88, ní wákàtí kan. Àwọn awakọ̀ ẹrù fi rédíò CB, ìyẹn rédíò tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, ń kìlọ̀ fún ara wọn nípa ibi tí ọlọ́pàá lúgọ sí, àwọn oní-alùpùpù náà sì dara pọ̀. Ní 1977, ìjọba fi ọ̀nà ìgbọ́rọ̀ CB kún láti 23 dé 40. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ CB ní láti ní sípíkà tó dún sókè, ẹni tó bá sì ti ní sípíkà, orin ló kù.

Ilé iṣẹ́ wá tẹ̀lé àwọn oníbàárà. Ní 1980, Honda gbé GL1100 Interstate jáde pẹ̀lú asà àti àpótí láti ilé iṣẹ́, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀rọ orin. Aspencade tẹ̀lé e ní 1982, wọ́n sì fi orúkọ ìpàdé àwọn oní-alùpùpù kan ní New Mexico sọ ọ́. Ní 1983, Yamaha mú Venture wá, Kawasaki mú Voyager wá. Gold Wing àkànṣe ti 1985 ní sípíkà 4, méjì fún ẹni iwájú, méjì fún ẹni ẹ̀yìn. Nígbà tí GL1500 dé ní 1988 pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà 6 àti jíà tí ń fi ẹ̀yìn rìn, rédíò lórí alùpùpù kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́.

Síbẹ̀ àwọn oníbàárà kò dẹ́kun pípààrọ̀ rẹ̀, wọn kò sì ṣẹ̀. Inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dà bí yàrá: ògiri àti gíláàsì ń dá ohùn padà, pàápàá ohùn ìsàlẹ̀. Lórí alùpùpù, gbogbo ohùn ló ń bá gbangba lọ. Tí alùpùpù bá ti ń sáré tó kìlómítà 100 ní wákàtí, ariwo afẹ́fẹ́ inú akoto lè kọjá dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 95, bẹ́ẹ̀ àjọ NIOSH tó ń ṣèwádìí lórí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà kò fẹ́ kí òṣìṣẹ́ gbọ́ ju 85 lọ fún wákàtí 8. Ariwo náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ohùn ìsàlẹ̀, nítorí náà òun ló kọ́kọ́ ń bo ìlù àti gìtá olóhùn ńlá mọ́lẹ̀, ohùn akọrin nìkan ni yóò ṣẹ́ kù. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń yan sípíkà tí ohùn àárín àti ti òkè rẹ̀ mú, tí wọn kì í fi owó ṣòfò sórí ohùn ìsàlẹ̀. Kí ohùn tó lè fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 10 ga sí i, agbára áńpù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára, ní láti di ìlọ́po 10. Àtúnṣe asà, kí afẹ́fẹ́ má baà kọlu akoto, sábà máa ń dín ariwo kù lówó pọ́ọ́kú ju áńpù tuntun lọ.

Ti iná tún wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ amúnáwá GL1000 kò ju nǹkan bíi wáàtì 300 lọ. Ti GL1500 jẹ́ 546. Ti GL1800, tó dé ní 2001, gòkè dé 1,100. Áńpù ayé àtijọ́ ń fi nǹkan bí ìdajì iná tó bá gbà ṣe ooru lásán. Bí ó bá fẹ́ ta wáàtì 400 síta, ó lè béèrè fún 700 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tí gbogbo iná GL1500 kò ká. Lóòótọ́, orin kì í dún ní góńgó agbára rẹ̀ nígbà gbogbo, àmọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti gbọ́ orin níbi ìgbafẹ́ títí bátìrì fi gbẹ, tí alùpùpù kò sì jí mọ́. Áńpù oríṣi D, tí kì í fi iná ṣòfò púpọ̀, ló tú okùn yìí. Ó kéré débi pé inú asà gbà á, kì í sì í gbóná púpọ̀.

Àsìkò áńpù yìí ni àwọn tó ń gun Harley-Davidson sọ ọ́ di ìdíje. Ilé iṣẹ́ náà ti fi ẹ̀rọ orin Harman/Kardon sórí alùpùpù rẹ̀ ní 2006, ṣùgbọ́n àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kò dúró síbẹ̀. Wọ́n gé ìdérí àpótí ẹ̀gbẹ́, wọ́n fi sípíkà ńlá tó rí bí ẹyin há a, àpótí aṣọ sì di àpótí orin. Ìdènà dé ní 2014 pẹ̀lú Boom! Box: rédíò náà ti di kọ̀ǹpútà, ẹni tó bá fi áńpù tàbí sípíkà kún un ní láti gbé e lọ sọ́dọ̀ aṣojú ilé iṣẹ́ kí wọ́n tún ètò ohùn rẹ̀ ṣe. Àwọn mìíràn yára ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ìdènà yìí sílẹ̀. Ní 2021, Harley-Davidson pẹ̀lú Rockford Fosgate, ilé iṣẹ́ tí àwọn olólùfẹ́ ariwo ọkọ̀ ti mọ̀ bí ẹní mowó, bẹ̀rẹ̀ sí í ta sípíkà àti áńpù papọ̀.

Ọ̀nà kejì gba inú akoto. Wáyà ni wọ́n kọ́kọ́ fi so sípíkà kékeré inú akoto mọ́ alùpùpù, kí Bluetooth tó gba ipò rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Sena àti Cardo ló gbajúmọ̀ jù nídìí rẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe ibi gbogbo ni òfin ti gbà á: òfin California kò gba awakọ̀ láyè láti fi ohun ìgbọ́rọ̀ bo etí méjèèjì. Gold Wing 2018 ni alùpùpù àkọ́kọ́ tó gba Apple CarPlay, àmọ́ kò ní ṣiṣẹ́ àfi tí ẹni tó gùn ún bá so ohun ìgbọ́rọ̀ akoto mọ́ ọn. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọdún 2025, tí wọ́n fi sàmì àádọ́ta ọdún Gold Wing, ń gba CarPlay àti Android Auto láìlo wáyà.